Àbúrò Mi Tó Ń Hán Bọ́ọ̀lù Lẹ́bàá Pápá

Nígbà tí mo kúrò nílé, àbúrò mi ṣì ń fi òkò já máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa n'Ílọrin. Kì í gun igi. Á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á di ojú kan, òkò á sì gé ọrùn èso náà bí ẹni pé ọ̀bẹ ló gé e. Èmi ni mo máa ń wà nísàlẹ̀, màá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ìró ìyá wa kí máńgòrò má baà fọ́. Àjàní ni mo ń pè é. Oríkì rẹ̀ ni, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ àfi èmi àti ìyá wa.

Bàbá wa ti kú. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ìyá wa fi tọ́ wa, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń rán. Nígbà tí kóòṣì kan ní pápá ìṣeré rí ọwọ́ Àjàní, tó wá sílé wa pé òun fẹ́ kọ́ ọ ní béésìbọ́ọ̀lù, ìyá wa ní, "Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" Kóòṣì ṣàlàyé pé eré àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan, ẹnìkejì á fẹ́ fi igi gbá a, ẹni tó lóṣòó lẹ́yìn onígi á sì hán an bí igi bá tàsé rẹ̀. Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ó tú awọ ìjókòó alùpùpù kan tó ti gbó, ó fi rán ìbọ̀wọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ náà ń rùn bíi bẹntiróòlù. Òun ni Àjàní ń wọ̀ sọ́wọ́ sùn.

Bí mo ṣe dé London, mi ò ní sọ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nígbà tí mo dé ni ilé. Ní Becontree tí mo dé sí, ilé kan náà ni wọ́n kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé ìparí rẹ̀, bíríkì kan náà, fèrèsé kan náà, ọgbà kékeré kan náà níwájú ilé. Òpópónà kan á yí po, á já sí òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì. Màmá Tósìn ló gbà mí sílé. Ará Ìjẹ̀bú ni, opó ni, ó ti pẹ́ nílùú ọba ṣùgbọ́n ohùn Ìjẹ̀bú kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ìjọ Aládùúrà wa n'Ílọrin ló fi mí ránṣẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ó ní kí n lọ ra mílíìkì. Mo rà á, mo yíjú padà, mi ò mọ ilé mọ́.

Mo rìn, mo rìn. Ilẹ̀ ti ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni aago sọ pé ó ṣì jẹ́. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn kan tó dá mi lójú pé tiwa ni, ìyá àgbà òyìnbó kan ló yọjú. Ìbẹ̀rù mú mi, mo kúnlẹ̀. Ó wò mí, ó wo mílíìkì ọwọ́ mi, ó béèrè bóyá mo sọnù ni. Ó wọ bàtà, ó mú mi rìn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà Màmá Tósìn, ó sì padà lọ.

N'Ílọrin, mo lè di ojú kí n sì mọ ibi tí mo dé. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́, ibi tí ẹ̀rọ ìyá mi ti ń dún. Níbí, ojú mi là kedere, mi ò sì mọ ibi tí mo wà. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn Màmá Tósìn, mo sunkún bí ọmọdé.

"Sunkún dáadáa," ni Màmá Tósìn wí. "Ṣùgbọ́n gbé mílíìkì yẹn wá ná, tíì mi ti ń tutù."

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìdáná ní ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké kan lọ́nà Rush Green. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo máa ń wọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo èèyàn tó wà nínú bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan kó báàgì rẹ̀ sún mọ́ra. Mi ò kí wọn mọ́ láti ọjọ́ yẹn, àmọ́ ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà. Tí àgbàlagbà bá wọlé, orúnkún mi á ti fẹ́ tẹ̀ kí n tó rántí.

A máa ń bó ànàmọ́ òyìnbó, a máa ń gé kárọ́ọ̀tì, a máa ń po kọ́sítáàdì nínú ìkòkò tó fẹ̀ tó èyí tí wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ nílé ìsìnkú. Àwọn ọmọ á tò, wọ́n á na abọ́, wọ́n á ní, "Thank you, Miss." Miss ni gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí kò sí ẹni tó pe orúkọ mi sókè láàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àfi bí ìyá mi bá pè mí lórí fóònù. Mo máa ń ní kó tún un pè. Á ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Màá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìròyìn Àjàní dé. Wọ́n mú un lọ sí ìdíje kan lókè òkun, àwọn tó ń wá eléré kiri fún ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà rí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ilé ẹ̀kọ́ béésìbọ́ọ̀lù wọn ní ilẹ̀ Dominican tó wà nínú òkun nítòsí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ọmọkùnrin jọ láti ibi gbogbo. Yàrá kan náà ni òun àti ọmọ ìlú náà kan tó ń jẹ́ Ramón ń sùn sí. Ajubọ́ọ̀lù ni àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnìkejì rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Ramón á jù ú, Àjàní á hán an. Lẹ́yìn náà Àjàní á jù ú, Ramón á hán an. Ó ní báwọn ṣe kọ́kọ́ di ọ̀rẹ́ nìyẹn, kí àwọn tó mọ bí àwọn ṣe máa kí ara àwọn.

Nígbà tó yá wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Bí àtẹ̀gùn ni iṣẹ́ náà rí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kéékèèké tí oko àgbàdo yí ká, bọ́ọ̀sì láti òwúrọ̀ dalẹ́, búrẹ́dì àti ẹ̀pà lílọ̀. Ẹni tó bá ṣe dáadáa á gun àtẹ̀gùn kan. Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa, wọ́n á pè é sí ọ́fíìsì, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó di ilé. Àjàní gùn ún, ó tún gùn ún.

Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ni a máa ń pe ara wa, àwa mẹ́ta lórí fóònù kan, ìyá wa n'Ílọrin, èmi ní Becontree, òun níbi tó bá wà.

"Ṣé wọ́n jẹ́ kí o jù ú lọ́sẹ̀ yìí?" ìyá wa á bi í.

"Wọ́n jẹ́ kí n jù ú, mà."

"Ṣé igi wọn bà á?"

"Ó bà á lẹ́ẹ̀kan, mà. Kò yẹ kó bà á."

"Àh! Irú iṣẹ́ wo nìyí? O ju nǹkan sí èèyàn, o tún ń gbàdúrà kí ọwọ́ rẹ̀ má tẹ̀ ẹ́?"

A jọ máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan." Èmi àti Àjàní á sọ pé "Ẹ kú ilé, mà" pa pọ̀. Á ní ó ti tó òun.

Mo máa ń wo eré rẹ̀ lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Tósìn, ọmọ Màmá Tósìn, ló kọ́ mi bí mo ṣe lè rí i. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni Yorùbá rẹ̀ ti ń jáde, ṣùgbọ́n bó bá pè mí ní Aunty, ó ń pè é tọkàntọkàn. Àwa méjèèjì kọ́ eré náà díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá rí Àjàní tó dúró lórí òkìtì kékeré tí wọ́n ti ń jù ú, tó di ojú kan, ara mi á bù máṣọ. Bọ́ọ̀sì á gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀.

Ìgbọ̀nwọ́ Àjàní ló já. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, mò ń gé kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́ nígbà tó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí mi, iṣan kan já nínú ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo gbọ́ bó ṣe dún." Mo jáde sẹ́yìn ilé ìdáná, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa ìdọ̀tí. Òkun wà láàárín wa. Bó bá jẹ́ pé ilé la wà, màá ti fi omi gbígbóná jó o.

Màmá Tósìn mú mi lọ sí ìjọ wa. Gbọ̀ngàn kan tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀ ni, ní ẹ̀yìn Ripple Road ní Rippleside. Sìmẹ́ńtì ibẹ̀ tutù bíi yìnyín, bẹ́ẹ̀ a kì í wọ bàtà wọlé. Ìyá Àdúrà béèrè ọwọ́ tó ń dùn ún. Mo ní ọ̀tún ni. Ó ní kí n ká apá aṣọ funfun mi sókè, ó da òróró sí ìgbọ̀nwọ́ tèmi, ó sì ń gbàdúrà sí i bí ẹni pé ti Àjàní ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òróró náà ń ṣàn sílẹ̀. Mi ò nu ún kúrò títí mo fi délé.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń jù kò yára mọ́. Ó gbìyànjú títí. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè é sí ọ́fíìsì, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ní àkókò yẹn, Ramón ti gun àtẹ̀gùn náà dé òkè. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ilé gíga, àwọn ọmọdé ń wọ ẹ̀wù tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ramón lọ bá àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ẹnìkan wà tó mọ ọwọ́ òun ju òun lọ, kí wọ́n mú un wá. Báyìí ni Àjàní ṣe dé ẹgbẹ́ ńlá. Lẹ́bàá pápá, ibì kan wà tí wọ́n fi ọgbà yí ká, ibẹ̀ ni àwọn ajubọ́ọ̀lù ti máa ń ju bọ́ọ̀lù kí ara wọn lè gbóná kí wọ́n tó wọnú eré. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lóṣòó síwájú wọn láti máa hán an. Iṣẹ́ Àjàní nìyẹn. Ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó ń bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n kò ní wọnú eré láéláé.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá wa láìfi nǹkan kan pamọ́. Ìyá wa ní, "Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ?" Ó ní wọ́n ń fún òun. "Ṣé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ọ?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó parí," ni ìyá wa wí. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn tèmi. Mo ṣì máa ń wo eré wọn nínú bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò kì í yà síbi tó wà. Lẹ́ẹ̀kan péré ló kọjá níbẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi náà ti ń dúró díẹ̀díẹ̀. Mo kúrò nílé Màmá Tósìn, mo gba ilé kékeré kan tó ní yàrá méjì nítòsí rẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi mílíìkì inú ike ṣe wàrà, lẹ́yìn tí mo ti ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dì, mo dín in, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, mo fẹ́ẹ̀ máa jó. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń fa àpótí dá mi dúró lójú ọ̀nà, ọmọ wa ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní gbogbo ilé ló jọra. Mo mọ òpópónà tó ń wá. Mo ní kó yà sí òsì níbi igi tí wọ́n gé orí rẹ̀, kó ka ilẹ̀kùn láti ibi àpótí tí wọ́n ń fi lẹ́tà sí. Mo wò ó títí ó fi ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn tó sì wọlé. Mo rìn lọ sílé bí olówó.

Síbẹ̀, kí èèyàn mọ ọ̀nà ìlú kan yàtọ̀ sí kó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Tí nǹkan bá pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò ní ẹni tí màá yíjú sí. Nílé, èèyàn kì í dá rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún, ìyá mi á bi mí pé ṣé mò ń bọ̀, màá ní lọ́dún tó ń bọ̀, mà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́. Nígbà tí ìwé ti dé, mo ní kí n kọ́kọ́ ní ilé. Nígbà tí mo ní ilé, mi ò mọ ohun tí mo ń dúró dè mọ́, ẹnu mi kàn ti mọ́ ọn.

Nígbà náà ni Àjàní sọ pé ẹgbẹ́ wọn ń bọ̀ wá ṣeré ní London. Ní Stratford! Ìdúró díẹ̀ ni lórí ọkọ̀ ojú irin láti Barking tó wà nítòsí wa. Mo pariwo débi pé Linda, ọ̀gá wa ní ilé ìdáná, sáré wá wò bóyá mo fi omi gbígbóná jó ara mi.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èrò mi ti kọjá pé kí n rí i kó tún lọ. Mo fọ yàrá kejì. Mo ra ibùsùn tó gùn, torí ó ti di òmìrán. Èmi àti Tósìn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Rush Green, a bá a béèrè ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ di kóòṣì eré ìdárayá. Wọ́n ní àyè wà, wọ́n sì sọ ohun tó máa fi gba ìwé ìgbélùú. Mo ti ń rí wa, èmi àti ọmọ ìyá mi, tí a jọ ń jẹun alẹ́, tí a jọ ń rẹ́rìn-ín ohun kan náà.

Ó wá kí mi lọ́jọ́ tó ṣáájú eré. Mo dúró níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Barking, èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀. Mo rí ọkùnrin gíga kan tó ń bọ̀, èjìká rẹ̀ fẹ̀, irùngbọ̀n wà lẹ́nu rẹ̀. Inú fóònù kékeré ni mo ti ń rí Àjàní, mo ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà bóyá ó máa jáde. Ọkùnrin náà dé iwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń ta èso àti àwọn tó ń sáré bá bọ́ọ̀sì.

"Àǹtí mi."

"Dìde," ni mo ń sọ. "Dìde, aṣọ rẹ." Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó tètè dìde.

Màmá Tósìn ti se ìkọ́kọrẹ́, mo ti dín wàrà. Ó jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ààwẹ̀. Nígbà tí Màmá Tósìn lọ tán, mo fi yàrá hàn án. Mo sọ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì fún un. Ó jókòó lórí ibùsùn tuntun náà, ó ń fi ọwọ́ pa aṣọ rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ ṣeun. Ọdún yìí ni mo máa ṣe kẹ́yìn pẹ̀lú wọn. Ramón náà mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ sákòókò."

"Ilé ni mò ń lọ."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. "Ilé wo?"

"Ìlọrin. Kóòṣì ti darúgbó, mà. Ó ní koríko ti bo pápá. Àwọn ọmọ ṣì ń wá, kò sí ẹni tó máa jù ú sí wọn."

"Ìlọrin ò sá lọ síbì kankan! Dúró níbí ná. Kọ́ iṣẹ́ yẹn, gba ìwé ẹ̀rí. Ta ló ń padà sílé lọ́jọ́ orí rẹ?"

"Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, yàrá ẹlòmíràn ni mo ń sùn sí."

"Ṣé yàrá tèmi náà ti di yàrá ẹlòmíràn?"

Ó tún ń fi ọwọ́ pa aṣọ ibùsùn náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ohun tí ẹ sọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn, mà."

Mo jáde, mo lọ fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ó dàárọ̀," mi ò sì sin ín dé ibùdókọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní mi ò lọ síbi eré. Màmá Tósìn dúró sí ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú gèlè rẹ̀, Tósìn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó wọ ẹ̀wù Ramón.

"Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni Màmá Tósìn wí. "Wọ bàtà rẹ."

Pápá náà kún dẹ́múdẹ́mú. Gbogbo ènìyàn ń wo àárín pápá níbi tí wọ́n ti ń ta àsíá. Èmi ń wá ẹ̀bá rẹ̀. Tósìn ló kọ́kọ́ rí i, ó na ìka. Nínú ọgbà kékeré náà, Àjàní lóṣòó, ìbọ̀wọ́ wà níwájú àyà rẹ̀, Ramón dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ramón jù ú. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí a wà, pàáà, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọwọ́ gbá ògiri. Àjàní jù ú padà. Ó tún lóṣòó.

"Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó wọlé?" Màmá Tósìn béèrè.

"Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nìyẹn, mà," ni mo wí.

Lójijì Àjàní dìde. Ó rìn lọ bá Ramón, ọkùnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ramón mi orí pé òun ti gbọ́, bí ọmọ ilé-ìwé. Àjàní padà sẹ́yìn, ó lóṣòó. Èyí tí Ramón jù tẹ̀lé e dún yàtọ̀. Èmi tí mi ò mọ púpọ̀ nínú eré náà gbọ́ pé ó dún yàtọ̀. Àjàní na ìka sí i, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ramón wọlé, ariwo sọ. Àjàní lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu omi. Nígbà tó yá wọ́n ní kí ẹlòmíràn múra, ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Àjàní tún dìde, ó tún lóṣòó. Kí ọmọ náà tó wọnú pápá, ó fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan ti Àjàní. Èyí tó tẹ̀lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀.

"Aunty, that's mad o," ni Tósìn wí jẹ́jẹ́. "Kò sí ẹni tó ń wọlé láìkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Uncle."

Mi ò wo eré náà rárá. Títí di òní mi ò mọ ẹgbẹ́ tó borí. Ojú mi wà lára ọmọ ìyá mi, mo ń rí i pé ohun tó ní òun fẹ́ lọ ṣe nílé, ó ti ń ṣe é. Èmi ni mo fẹ́ kó wá jókòó ní Becontree kí n lè rí ẹni bá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó parí, wọ́n jẹ́ kó wá sí ibi irin tó yà wá sọ́tọ̀. Òógùn bò ó. Mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú àpá tó wà nínú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé nìyẹn.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

"Tí òtútù bá mú, mà."

"Òtútù ò sí n'Ílọrin," mo ní. "Máa lọ. Bá mi kí Ìyá."

Ó fi orí rẹ̀ lé èjìká mi lórí irin yẹn. Ó wúwo. Màmá Tósìn ń gbàdúrà lé e lórí títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ní ó tó.

Ibùsùn gígùn yẹn ṣì wà nínú yàrá kejì. Lẹ́yìn tó lọ, mo kọ́kọ́ máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mi ò lè wo béésìbọ́ọ̀lù. Àárò rẹ̀ sọ mí ju ìgbà tí mi ò tíì rí i lọ, torí ojú mi ti rí i báyìí, ó ti mọ bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń fi ọwọ́ pa aṣọ bí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí eré ọdún yẹn parí ní Amẹ́ríkà, Àjàní padà sílé bó ṣe wí.

Ìyá wa pè mí lọ́sẹ̀ tó dé. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, bọ́ọ̀sì kún, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pariwo lókè. Mo ki ìka bọ etí kan kí n lè gbọ́. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mo gbọ́ ọkọ́ tó ń kan ilẹ̀. Ó ní Àjàní àti àwọn ọmọ kan ló ń ro koríko pápá, òun náà wà níbẹ̀, òun jókòó sábẹ́ igi, òun gbé omi wá fún wọn.

"Ẹnìkan ti dé," ó ní. "Ó ku ìwọ."

"Mo ń bọ̀, mà."

Ó máa ń sọ pé kí Ọlọ́run mú mi wá, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Lọ́jọ́ yẹn kò sọ ọ́.

"Ìgbà wo?"

Mo wo ojú fèrèsé. A ti kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Àwọn ilé ń lọ lẹ́yìn ara wọn, mo mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Oṣù Kẹjọ, mà," mo ní. "Bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé. Oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ yìí." Mo sọ ọ́ sókè débi pé obìnrin tó jókòó níwájú mi yíjú padà wò mí.

Ìyá mi gbé fóònù kúrò létí, mo gbọ́ tó ń pariwo, "Àjàní! Àjàní, gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀. Wá gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ nínú koríko.

"Ó ti dé," ni ìyá mi wí. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.